Iyùn àtijọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ: ibo gan-an ni òkun wà tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Erékùṣù kékeré kan ní ẹkùn olóoru ni mò ń gbé. Lẹ́yìn etíkun wa, níbi tí òkun kì í dé kódà nígbà tó bá kún jù, iyùn tó ti di òkúta wà níbẹ̀, ìkarahun sì há sáàárín rẹ̀. Ó ga lórí omi tó ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká. Mo kà á pé òkun ayé àtijọ́ fi ọgọ́rùn-ún mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nísàlẹ̀ ti òní. Ẹlòmíràn tún ní ó ti ga ju ti òní lọ rí. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? Báwo lẹ ṣe mọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n nígbà náà? Bó bá sì jẹ́ pé òkun ti ń gòkè tó ń sọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, kí ló dé tí ẹ fi ń dẹ́rù bà wá báyìí?”

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ dì pọ̀ sínú ìwé kan yìí, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò fi èyí tó kẹ́yìn pamọ́, torí òun gan-an ló ń jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ìjà àkọ́kọ́. Ẹni tó ní òkun wà nísàlẹ̀ kò purọ́, ẹni tó ní ó ga náà kò purọ́. Àkókò tí kálukú ń sọ ni kò papọ̀. Ní nǹkan bí 21,000 ọdún sẹ́yìn, òkun fi nǹkan bí mítà 120 sí 130 wà nísàlẹ̀ ibi tó wà lónìí. Ní nǹkan bí 125,000 ọdún sẹ́yìn, ó fi mítà mélòó kan ga ju ti òní lọ. Mítà 6 sí 9 ni iye tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń wádìí gíga òkun àtijọ́ máa ń dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn kò tíì tán lórí rẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, òkun lọ sókè, ó lọ sódò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Yìnyín ló fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo yìnyín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Yìnyín tó ti ń léfòó lórí òkun tẹ́lẹ̀ ti gba àyè tirẹ̀ nínú omi; bó bá yọ́, òkun kò ní gòkè ju bíńtín lọ. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ la ń wò. Omi òkun ń di ìkùukùu lọ sójú ọ̀run, á wá bọ́ sórí ilẹ̀ tútù gẹ́gẹ́ bí yìnyín; bí kò bá yọ́ kó sì ṣàn padà, inú òkun ló ti dín kù yẹn. Ní 21,000 ọdún sẹ́yìn tí mo wí, yìnyín tó nípọn tó kìlómítà mẹ́ta láwọn ibì kan ló bo Kánádà mọ́lẹ̀, àríwá Yúróòpù náà wà lábẹ́ tirẹ̀. Láyé ìgbà náà, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Sumatra dé Java, kó sì gba ibẹ̀ dé Borneo, torí pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ibi tí òkun bò láàárín wọn lónìí. Australia àti New Guinea, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ohun tó ń mú kí yìnyín kóra jọ kó sì tún yọ́ ni àyípadà díẹ̀díẹ̀ nínú bí ayé ṣe ń yí oòrùn po àti bó ṣe dẹ̀gbẹ́, èyí tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún sí ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó yípo. Lónìí, Greenland àti Antarctica ni yìnyín orí ilẹ̀ pọ̀ sí jù. Bí gbogbo ti Greenland bá yọ́, òkun á gòkè ní nǹkan bí mítà 7. Ti Antarctica lè gbé e sókè ní nǹkan bí mítà 58.

Tó bá jẹ́ pé yìnyín nìkan ni, iṣẹ́ wa ì bá rọrùn. Ohun tó mú un le ni pé àmì tó wà lára àpáta kò lè sọ fún yín pé òkun ayé ga tó báyìí. Gbogbo ohun tó lè sọ ni pé níbí ni omi àti ilẹ̀ ti pàdé. Bí ẹ bá rí iyùn, ilé òkúta tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun kọ́, lórí òkè, ó lè jẹ́ òkun ló sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ ló pọ̀n ọ́n gòkè. Ilẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ìmìtìtì ilẹ̀ kan ní erékùṣù Nias, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sumatra, gbé àpáta iyùn kúrò nínú omi, ó sì gbé e sókè láwọn ibì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta. Òkun kò kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá débẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i, tí kò gbọ́ ìtàn, lè búra pé òkun ti fi mítà mẹ́ta ga rí. Ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé rírì ni ilẹ̀ ń rì. Ní 1842, Charles Darwin ṣàlàyé pé àwọn erékùṣù iyùn tó rí bí òrùka, tí omi wà láàárín wọn, orí òkè oníná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òkè náà ń rì, iyùn sì ń kọ́lé sókè kí oòrùn má bàa sọnù mọ́ ọn lójú. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ní 1952 ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní Enewetak nínú òkun Pàsífíìkì, wọ́n sì la òkúta iyùn tó ju mítà 1,200 lọ kọjá kí wọ́n tó kan òkúta òkè oníná. Iyùn kì í gbé inú òkun tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló rì.

Yìnyín fúnra rẹ̀ tún ń tẹ ilẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó sórí fóòmù, abẹ́ rẹ̀ á wọlé, ẹ̀gbẹ́ á wú. Bó bá dìde, fóòmù kì í padà sípò lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kánádà àti Sweden. Yìnyín ti kúrò lórí wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, síbẹ̀ ilẹ̀ wọn ṣì ń gòkè, tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún láwọn ibì kan, tí ilẹ̀ tó ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sì ń padà sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ ka gíga òkun àtijọ́ létíkun Sweden, ìtàn bí ilẹ̀ ṣe ń dìde ló máa kà jù.

Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń sá wá sí ẹkùn olóoru. Ibẹ̀ jìnnà sí ibi tí yìnyín ti tẹ ilẹ̀, ohun tí etíkun ibẹ̀ bá sọ sì súnmọ́ iye omi tó wà nínú òkun gan-an. Ibẹ̀ náà ni iyùn wà. Bí ẹnì kan bá ní kí n yan ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, iyùn ni màá yàn. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń kọ́ ilé òkúta yìí nílò ìmọ́lẹ̀ oòrùn, nítorí àwọn ohun ọ̀gbìn bíńtín tó ń gbé inú ara wọn ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn. Wọn kò lè jìn jù, wọn kò sì lè yọrí kúrò nínú omi fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ le lórí ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn yòókù lọ. Acropora palmata, ẹ̀yà tó ní ẹ̀ka fẹ̀ǹfẹ̀ bí ìwo àgbọ̀nrín ní òkun Caribbean, kì í sábà jìn ju mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Nítorí náà, bí a bá bá a níbi tó ti dàgbà sí, ní ọgọ́rùn-ún mítà nísàlẹ̀ omi, a mọ̀ pé ojú òkun ìgbà náà kò jìnnà sí orí rẹ̀. Irú ẹ̀rí yẹn gan-an ni Richard Fairbanks àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ gbẹ́ jáde lẹ́bàá Barbados, tí wọ́n sì gbé jáde ní 1989. Iye tí wọ́n kéde fún ìgbà tí òkun wà nísàlẹ̀ jù ni nǹkan bí mítà 121. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ti Tahiti ní 2005, wọ́n sì gbẹ́ etí Great Barrier Reef ti Australia ní 2010. Òkun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, jíjìnnà síra wọn, ìtàn wọn sì bára mu dáadáa lápapọ̀. Ìbára-mu yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ.

Ẹ bi mí báwo la ṣe mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ níbí, mo fẹ́ràn yàrá àyẹ̀wò ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí iyùn bá ń kọ́lé, ó ń fa yuréníọ̀mù díẹ̀ mọ́ra láti inú omi òkun. Tóríọ̀mù ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú omi náà rárá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, yuréníọ̀mù tó há sínú iyùn ń di tóríọ̀mù, ìwọ̀n tó fi ń yí padà kò sì bìkítà fún òjò tàbí oòrùn. Ẹ wọn iye méjèèjì lónìí, ẹ ó mọ ìgbà tí iyùn náà wà láàyè. Ọ̀nà yìí lè mú wa dé nǹkan bí 500,000 ọdún sẹ́yìn. Kábọ́ọ̀nù-14 tí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún, ó sì ní wàhálà tirẹ̀ nínú òkun: omi òkun máa ń ní kábọ́ọ̀nù tó ti gbó nínú, débi pé ìkarahun tó kú láìpẹ́ lè dà bí èyí tó ti kú ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. A ní láti yọ ọdún èké yẹn kúrò, iye rẹ̀ kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ọ̀tá tó burú jù fún ọ̀nà méjèèjì ni òjò. Iyùn tó ti jókòó sórí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ní ẹkùn olóoru, omi òjò á ti wọ inú rẹ̀, á ti yọ ohun tí iyùn fi kọ́lé, á sì ti fi òkúta mìíràn rọ́pò rẹ̀. Lójú, ó ṣì rí bí iyùn. Nínú àyẹ̀wò, ọjọ́ orí tó bá sọ lè jẹ́ ìranù. Mo ti rí àwọn òkúta tó dára lójú tó bẹ́ẹ̀ tí a kàn ní láti kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ibi tí ilẹ̀ ti ń gòkè kì í ṣe àdánù, bí ènìyàn bá mọ̀ pé ó ń gòkè. Ní ilẹ̀ Huon ní Papua New Guinea, etíkun ń dìde láti ìdajì mìlímítà dé bíi mìlímítà mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Ìgbàkígbà tí òkun bá gòkè tó lé ilẹ̀ bá, iyùn á kọ́ pèpéle kan sí etí omi. Òkun á sọ̀, ilẹ̀ á gbé pèpéle yẹn lọ sókè. Òkun á tún padà, á kọ́ òmíràn sísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Títí dónìí, pèpéle lórí pèpéle ni òkè náà, ó sì ga ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Níbi tí ilẹ̀ ti dúró jẹ́ẹ́, àwọn pèpéle wọ̀nyẹn á bo ara wọn mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n wà nísàlẹ̀ omi. Níbẹ̀, wọ́n tò sílẹ̀ kedere. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan, John Chappell, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí wọn, ohun tó sì ṣe bọ́gbọ́n mu: pèpéle ti 125,000 ọdún ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá gbà pé mítà mélòó kan ni òkun ìgbà náà fi ga ju ti òní lọ, ìyókù gíga rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀, wọ́n á sì fi ìyẹn ṣírò ti àwọn pèpéle yòókù. Ẹ rí i pé “bí wọ́n bá gbà” wà nínú gbólóhùn yẹn. Bí ilẹ̀ náà kò bá gòkè ní ìwọ̀n kan náà látìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò náà á yẹ̀.

Fún àwọn ọdún tó súnmọ́ wa, irú iyùn kan wà tí mo kà sí olóòótọ́ jù lọ. Orí rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, torí pé nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ohun tó bá yọrí lókè omi á kú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa dàgbà. Bí ojú omi bá gòkè díẹ̀, etí rẹ̀ á tún gòkè. Bó bá sọ̀, etí tuntun á kéré sí ti àtijọ́. Ó sì ní ìlà ọdọọdún nínú, bí ti igi. Ní àwọn erékùṣù Mentawai, lẹ́bàá Sumatra, irú iyùn yìí ni wọ́n fi ka àwọn ìmìtìtì ilẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì rí bí ilẹ̀ ṣe ń rì díẹ̀díẹ̀ kó tó fò sókè lójijì.

Níbi tí ẹrẹ̀ ti pọ̀, tí iyùn kò sì lè gbé, igi ẹ̀gbà, èyí tí àwọn kan ń pè ní mangrove, ló ń jẹ́rìí. Àárín ojú òkun ojoojúmọ́ àti ibi tí ìkún òkun ń dé ni igi yìí ń gbé, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di ẹrẹ̀ dúdú tó le jọ sábẹ́ ara rẹ̀. Ní Belize, lórí erékùṣù Twin Cays, ẹrẹ̀ gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ nípọn tó nǹkan bí mítà mẹ́wàá, tó kó nǹkan bí 8,000 ọdún jọ. Ní ilẹ̀ abẹ́ omi tí ń jẹ́ Sunda, láàárín Vietnam àti Borneo, ẹrẹ̀ ẹ̀gbà tí ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 2000 fi bí òkun ṣe padà wá bo ilẹ̀ náà hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ máa ń fún. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ á ti rì ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òkun ìgbà náà wà nísàlẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ihò abẹ́ òkúta náà ń jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tirẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán. Òkúta tó ń gùn láti àjà ihò nípa omi tó ń kán tótó kì í hù àfi níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Bí ẹ bá rí i lábẹ́ òkun, bí irú èyí tó wà nínú Great Blue Hole ní Belize, ó dájú pé ibẹ̀ ti gbẹ rí. Nínú Hoyo Negro ní Mexico, egungun ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ti lé ní 12,000 ọdún wà nísàlẹ̀ omi, nínú ihò tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi rìn wọ̀ ọ́.

Ní ti òkúta ẹ̀yìn etíkun yín, mi ò lè dá ẹjọ́ láìfojú rí i, ṣùgbọ́n mo lè sọ bí màá ṣe rò ó. Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá iyùn náà wà níbi tó ti dàgbà sí. Bí orí rẹ̀ bá dojú kọ òkè, tí ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àpáta, tí ìkarahun alápá méjì sì pa dé síbẹ̀, a jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti gbé. Bó bá dorí kodò, tí gbogbo rẹ̀ dàrú pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, ìjì tàbí ìgbì ńlá ló jù ú síbẹ̀. Òkun líle lè gbé òkúta tó tóbi tó ilé. Bó bá sì jẹ́ pé ìkarahun tó ṣeé jẹ nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú èédú àti egungun ẹja, àkìtàn àwọn tó gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́ ni, kò sọ nǹkan kan nípa gíga òkun. Mo fi èyí sí wájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ìròyìn “òkun dé òkè” ti kú sórí àkìtàn bẹ́ẹ̀.

Ká ní ó yege níbẹ̀. Ẹni méjì léjìká ara wọn, ká pè é ní mítà mẹ́ta àbọ̀ lókè ìkún òkun. Ẹ rántí pé iyùn kì í gbé òkè omi. Òkun tó tọ́ ọ dàgbà ní láti ga ju orí òkúta náà lọ, kódà nígbà tó bá fà sẹ́yìn jù. Nítorí náà, gíga tí ẹ ń wò yẹn kéré sí ti òkun tó ṣe é. Ìgbà méjì ló wá sí mi lọ́kàn. Èkíní ni 125,000 ọdún. Ní Seychelles, níbi tí àpáta gíráníìtì ti dúró ṣinṣin, iyùn ìgbà yẹn lẹ̀ mọ́ àpáta ní mítà mélòó kan lókè òkun òní. Èkejì súnmọ́ wa: láàárín nǹkan bí 7,000 sí 4,000 ọdún sẹ́yìn, ní Australia, Brazil àti ọ̀pọ̀ erékùṣù Pàsífíìkì, òkun fi nǹkan bí mítà kan sí mẹ́ta ga ju ti òní lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Áfíríkà pẹ̀lú, nínú ìkarahun tó pọ̀ lórí ilẹ̀ iyọ̀ gbígbẹ ní àgbègbè Nouakchott ní Mauritania. Èyí kì í ṣe pé yìnyín ìgbà náà kéré ju ti òní lọ dandan. Lẹ́yìn tí yìnyín ńlá ti yọ́ tán, ilẹ̀ abẹ́ òkun tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, omi sì ṣàn kúrò ní ìlà agbedeméjì ayé lọ dí àyè náà. Ìwúwo omi tuntun tún tẹ ìsàlẹ̀ òkun, ó sì gbé etí ilẹ̀ sókè díẹ̀. Ní Caribbean, tó súnmọ́ yìnyín Kánádà jù, irú gíga yìí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Òkun kàn ń gòkè bọ̀ títí dòní ni. Nítorí náà, bí erékùṣù yín bá wà ní Caribbean, ẹ yọ ìgbà kejì kúrò. Bó bá wà ní Pàsífíìkì, gíga tí ẹ sọ ṣì pọ̀ jù fún un, àfi bí ilẹ̀ yín bá ti gòkè pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ yín bá dúró jẹ́ẹ́, tí òkúta náà le kankan, tí ojú iyùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, 125,000 ọdún ni màá kọ́kọ́ dá lábàá. Bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá wọ́pọ̀ lágbègbè yín, màá pa ẹnu mọ́ ná títí ilé àyẹ̀wò á fi sọ̀rọ̀. Ohun kan tí ẹ lè ṣe fúnra yín ni kí ẹ tọ pèpéle náà lọ létíkun. Bó bá ga bákan náà lápá òsì àti lápá ọ̀tún erékùṣù, ìyẹn fara jọ iṣẹ́ òkun. Bó bá dẹ̀gbẹ́, tó ga lápá kan tó sì wọmi lápá kejì, ọwọ́ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má sì fọ́ ọ kó wálé. Òkúta tó ti kúrò níbi tó wà ti pàdánù ìdajì ẹ̀rí rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà. Òótọ́ ni pé òkun ti sáré rí ju bó ṣe ń sáré báyìí lọ. Iyùn Tahiti fi hàn pé láàárín nǹkan bí 14,650 sí 14,310 ọdún sẹ́yìn, ó gòkè ní nǹkan bí mítà 14 sí 18. Ìyẹn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ lọ́dún. Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín kí n lè ṣẹ́gun nínú àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n yìnyín Kánádà ìgbà náà wà níbẹ̀ láti yọ́, kò sì sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ìlú kankan létí òkun náà tó ní láti kó ẹrù. Etíkun tí a mọ̀ lónìí, pẹ̀lú ẹnu odò àti ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọn, ìgbà tí òkun rọlẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tàbí méje ọdún sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fìdí múlẹ̀. Láàárín 1901 sí 2018, òkun ayé gòkè ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20. Láàárín 2006 sí 2018, ìwọ̀n rẹ̀ ti di nǹkan bí mìlímítà 3.7 lọ́dún. Ìròyìn 2021 ti IPCC, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkójọ ìwádìí lórí ìyípadà ojú ọjọ́, sọ pé láti 1900 ni òkun ti ń gòkè kíákíá ju ti ọgọ́rùn-ún ọdún èyíkéyìí lọ láàárín ó kéré tán ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń sọ pé “ó ti ṣẹlẹ̀ rí” ń sọ òótọ́ ní ti pé òkun lè yí padà. Ohun tí wọ́n fò ni pé ẹ̀rí yẹn kan náà ló fi hàn pé ìgbóná díẹ̀ ti tó. Ní 125,000 ọdún sẹ́yìn, ayé kò gbóná ju ti àkókò tó ṣáájú iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ ju nǹkan bí ìdajì sí ìwọ̀n Celsius kan àbọ̀ lọ, òkun sì fi mítà mélòó kan ga. Ìgbóná ìgbà yẹn ti bí ayé ṣe dojú kọ oòrùn wá, ti òní wá láti inú èédú àti epo tí à ń sun, nítorí náà wọn kì í ṣe ìbejì. Mi ò lè fi ti àtijọ́ sọ fún yín pé ọdún báyìí ni omi á dé ibi báyìí.

Ohun tí ti àtijọ́ lè sọ ni ìwọ̀n tí ohun alààyè lè fara dà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2020, wọ́n wo ẹrẹ̀ ẹ̀gbà àtijọ́ láti ibi 78 káàkiri ayé, wọ́n sì rí i pé níbi tí omi bá ti ń gòkè ju mìlímítà 6.1 lọ lọ́dún sí ilẹ̀, ẹ̀gbà kì í sábà lè kọ́ ilẹ̀ ara rẹ̀ sókè mọ́. Ìwọ̀n ti ayé kò tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ẹ̀gbà ni omi pẹ̀lú ilẹ̀ papọ̀: bí erékùṣù yín bá ń rì ní mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún, ẹ ti dé etí rẹ̀ báyìí. Nítorí náà, kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa 125,000 ọdún sẹ́yìn, ẹ wá ẹni tó ń wọn bí ilẹ̀ yín ṣe ń rìn lónìí, bóyá pẹ̀lú sátẹ́láìtì tàbí pẹ̀lú òṣùwọ̀n omi tí wọ́n rì mọ́ etí èbúté. Nọ́ńbà yẹn lẹ nílò jù.